Owó Ilé Ni Ó Mú Ládánì Wa Lọ

 

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọdún tí ó kọjá, mo dìde fún ìrun àsùbáà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo ṣe àlùwàlá tán, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Mushin, mo ń retí kí ládánì wa pe ìrun. N kò gbọ́ nǹkan kan. Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀kíní, ó kọ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ tí ń pọn omi ti gbé korobá dé ìdí ẹ̀rọ, síbẹ̀ mọ́sáláṣí dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú mi ni ó bọ́ sí ìdí gbohùngbohùn. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì gbàgbé ibi tí a ti ń sọ fún ènìyàn pé ìrun dára ju oorun lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì dìde ní ọjọ́ náà.

Ládánì wa kò ṣàìsàn, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti kó lọ sí Mọ́wè ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣíwájú. Ọjà Ojúwòyè ni ó ti ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ, kò sì lè fi ọjà náà sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Agogo mẹ́rin àbọ̀ òru ni ó ń jáde nílé báyìí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ọkùnrin tí ó fi ọdún mẹ́rìnlá jí wa fún àsùbáà, etí títì ni ó ti ń kírun tirẹ̀, lórí páálí, kí bọ́ọ̀sì tó kún.

Owó ilé ni ó lé e kúrò. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, yóò dùn mọ́ yín létí, ẹ ó sì bá mi bínú sí onílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni onílé náà.

Ilé tí bàbá mi kọ́ ni, yàrá mẹ́wàá, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Ládánì ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. 180,000 náírà ni ó ń san fún mi ní ọdún kan. Nígbà tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí jò, mo lọ béèrè owó páànù, mo béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ǹtì kan, ojú mi ṣókùnkùn. Àwọn ọmọ mi sọ fún mi pé onílé òdìkejì ti ń gba 400,000 fún irú yàrá bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ládánì máa san 350,000. Lójú mi nígbà náà, àánú ni mo ṣe é. Kò bá mi fa ọ̀rọ̀ rárá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó tọrọ oṣù mẹ́ta. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó mú kọ́kọ́rọ́ wá fún mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka sáàfù wa. Ní ọdún bíi mẹ́wàá sẹ́yìn, sáàfù márùn-ún ni a máa ń tò ní àsùbáà. Nísinsìnyí, bí a bá tò méjì, a dúpẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí n kò rí mọ́. Wọ́n ní lágbájá wà ní Ìbafọ̀, tàmẹ̀dù wà ní Àgbádó, ẹnì kan wà ní Ìjokò, òmíràn ní Sàngó, òmíràn ní Ìkòròdú. Àwọn méjì ti lọ sí Ìbàdàn pátápátá pẹ̀lú ọjà wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó padà sí oko bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ń fà wọ́n sí Èkó, owó ilé ń tì wọ́n jáde, ibi tí fífà àti títì bá ti dọ́gba ni wọ́n ń kọ́lé sí, ibẹ̀ náà ni ìlú tuntun sì ń hù.

Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe òní ni ó bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ni bàbá bàbá mi ń gbé, nínú agbo ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í béèrè owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà Èkó kò gbàgbé àrùn eku tí ó bẹ̀rẹ̀ sí pa ènìyàn ní 1924. Àrùn náà ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board, pé kí ó tún ìlú ṣe. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé tí ó há ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè, sínú ilé tuntun tí a ń san owó rẹ̀ ní oṣooṣù. Bàbá bàbá mi wà nínú àwọn tí wọ́n kó. Òyìnbó kan, Peter Marris, lọ bá irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó kọ bá ohun tí bàbá mi máa ń sọ mu: ọjà àwọn oníṣòwò kú nítorí pé oníbàárà kò mọ ibi tí wọ́n lọ, owó ilé wọ̀ wọ́n lọ́rùn, owó ọkọ̀ láti lọ kí ẹbí sì tún gun orí rẹ̀.

Nígbà tí agbára wa kò ká owó Súrùlérè mọ́, Mushin ni bàbá mi sá sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí. Mushin ìgbà náà kò sí lábẹ́ ìlú Èkó rárá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ààlà ni ènìyàn ń sọdá kí ó tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ kò sì wọ́n. Ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí ọdún 1967 ni Mushin tó di ti Èkó. Nítorí náà, Mushin ni Mọ́wè ti ayé bàbá mi. Ẹni tí owó ilé lé wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó kọ́ ilé, ọmọ rẹ̀ sì jókòó nínú ilé náà, ó fi owó ilé lé ládánì lọ sí òdìkejì ààlà mìíràn.

Ní ìgbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1952, Ìbàdàn ju Èkó lọ dáadáa: Ìbàdàn ní nǹkan bí 459,000, Èkó ní nǹkan bí 267,000. Nígbà tí ó fi di 1963, Èkó ti sáré kọjá pẹ̀lú 665,000, Ìbàdàn sì wà ní nǹkan bí 627,000. Ní ìkànìyàn 2006, Ìpínlẹ̀ Èkó nìkan ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ. Ilẹ̀ kò sì fi inch kan gbòòrò sí i, àfi èyí tí wọ́n bá fi yanrìn dí lójú omi, èyí kì í sì í ṣe ti irú wa. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó kéré jù ní ilẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni ó sì jẹ́ ọ̀sà àti odò. Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní béèrè ibi tí omi yóò ṣàn sí.

Alhaji Lateef Jakande, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, gbìyànjú láti dá a dúró. Láàárín 1979 sí 1983 tí ó fi ṣe gómìnà, ó kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù ní Abẹ́sàn, ní Òkè-Àfà, ní Ìjàyè, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin àti ní ibòmíràn. Àwọn kan fi ilé náà rẹ́rìn-ín nígbà náà pé ó rí bí àpótí ìṣáná. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan nínú àpótí ìṣáná náà lónìí.

Ìjọba Èkó ṣe òfin ayálégbé ní 2011. Òfin náà sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Mo mọ òfin náà, àwọn onílé tí a jọ ń tò lórí sáàfù mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gba ti ọdún méjì. Kì í ṣe iye owó náà nìkan ni ó ń pa oníṣòwò kékeré, gbígbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ń ta bọ́tìnnì lè fi 1,000 náírà pamọ́ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó pé ọdún, ibà ọmọ ti mú díẹ̀ níbẹ̀, ilé ìwé ti mú díẹ̀, àna rẹ̀ kú ó sì mú èyí tí ó kù. Nígbà tí onílé bá nawọ́, èéfín ni yóò bá.

Bí ó bá sì rí owó náà, ejẹ́ǹtì ń dúró dè é. Yóò gba owó kọmíṣọ́ọ̀nù, yóò gba owó àgírímẹ́ǹtì, yóò gba owó fọ́ọ̀mù kí ó tó fi yàrá han ènìyàn pàápàá. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kọ̀ fún ará ìlú láti máa bá ará oko ta ọjà rẹ̀, Ibn Abbas sì ṣàlàyé rẹ̀ pé kí ó má ṣe alárinà fún un ni. N kò sọ pé gbogbo iṣẹ́ alárinà ni èèwọ̀, àwọn onímọ̀ gba èyí tí ó mọ́ láàyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú àlejò mẹ́fà wo yàrá kan ṣoṣo, tí ó gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fẹ́ kí ó sọ fún mi ohun tí ó tà fún àwọn márùn-ún yòókù.

Mo lọ sí Mọ́wè ní ọjọ́ Àìkú kan láti lọ wo ibi tí ládánì wa wọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni àwọn ènìyàn ti ń rọra tẹ̀ lé e kọ́lé, Mágbọ̀rọ̀, Àrépò, Ìbafọ̀, Mọ́wè, títí ọwọ́ fi ń kan ọwọ́. A kúrò lójú títì, a gun ọ̀kadà nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà ẹrẹ̀ tí ọpọ́n àtijọ́ àti àpò iyanrìn wà lójú rẹ̀. Àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni ó rà láti inú owó èsúsú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìpìlẹ̀, wọ́n gbà nígbà tí ilé dé ojú fèrèsé, wọ́n tún gbà nígbà òrùlé. Yàrá méjì ni ó parí. Kò rẹ́ ẹ, kò ní àjà, aṣọ ni ó fi dí ojú fèrèsé kan. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù fún mi pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ bo ibi tí ògiri ti sán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára jù ni bí ìlú náà ti hù. Ilé ni ó kọ́kọ́ dé, ènìyàn tẹ̀ lé e, ọ̀nà kò ì tí ì dé, omi ẹ̀rọ kò ì tí ì dé, gọ́tà kò sí, kò sì sí ibi tí a ó sin òkú sí. Ilé ìwé tí ó sún mọ́ wọn jẹ́ ti aládàáni, owó rẹ̀ sì ju ti Mushin lọ. Nígbà tí ó jẹ́ pé owó ilé ni ó ń ya àwòrán ìlú, ilẹ̀ tí ó bá ti pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú ni yóò lé ènìyàn sí, ìbáà jẹ́ àbàtà.

Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ni lítà epo kan tí kò tó 200 náírà ti sún mọ́ 500, kò sì dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó sá fún owó ilé ní Mushin wá ń fi owó náà san ọkọ̀. Mo bá ládánì ṣírò rẹ̀ lórí ìyẹ̀fun iyanrìn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Owó ọkọ̀ ju 350,000 tí mo bi í lọ. Mo ní, “Kí ló dé tí o kò fi dúró?” Ó ní, “Bàbá Áfáà, owó ọkọ̀ a máa gbà mí ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin gbà á lẹ́ẹ̀kan.” N kò rí èsì fọ̀.

Nítorí owó ọkọ̀ náà ni àwọn kan ṣe wá di ará Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí mo sọ, alájà aṣọ ni. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ láti Èkó dé Mọ́níyà ní 2021, òun rò pé òun lè máa sùn ní Ìbàdàn kí òun sì máa tajà ní Èkó. Ìrìn náà jẹ́ kìlómítà 157, ọkọ̀ náà kò sì pọ̀ tó ní òòjọ́ fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Ó kó ọjà rẹ̀ lọ síbẹ̀ pátápátá. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, áfáà ni òun náà, ní ẹ̀bá Mọ́níyà. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ ọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Èkó ni! Ẹ dé pẹ̀lú owó Èkó, ẹ san èyí tí wọ́n bá pè láìdúnàádúrà, onílé sì lé àwọn ọmọ ìlú jáde lọ sí ẹ̀yìn odi.” Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Àgbádó náà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti ibẹ̀ dé Oyíńgbò ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, obìnrin oníṣòwò kan sọ fún mi pé onílé òun wá kí òun kú oríire ọkọ̀ tuntun, ó sì fi owó kún owó ilé kí ó tó dìde.

Ẹ ó béèrè pé kí ni ẹ̀sìn wí. N kò ní purọ́ mọ́ ẹ̀sìn. Gbígba owó ilé kì í ṣe èèwọ̀, fífi owó kún un kì í sì í ṣe èèwọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, tí àwọn ènìyàn bẹ Ànábì pé kí ó dá iye lé e, ó kọ̀, ó ní òun kò fẹ́ bá Ọlọ́run pàdé kí ẹnikẹ́ni máa béèrè gbèsè àbòsí lọ́wọ́ òun. Àwọn onímọ̀ kan, Ibn Taymiyya nínú wọn, sọ pé bí àwọn tí ó ni nǹkan bá ń ni ará ìlú lára, ìjọba lè dá sí i. Àríyànjiyàn wọn gùn, n kò ní kó o sínú ìwé ìròyìn.

Ṣùgbọ́n hádíìsì kan wà tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Àwọn ẹ̀yà Banū Salima ń gbé ní etí ìlú Mẹ̀dínà, ibi tí ó jìnnà sí mọ́sáláṣí. Wọ́n fẹ́ kó wá sí itòsí. Ànábì kò fẹ́ kí etí ìlú ṣófo, ó ní kí wọ́n dúró sí ilé wọn, pé a ń kọ ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fi í wáàsí fún àwọn tí ilé wọn jìnnà, mo sì máa ń rò pé ìtùnú ni mo ṣe fún wọn. Nígbà tí mo jókòó ní Mọ́wè ni mo rí ohun tí mo fò. Banū Salima ní ilé tiwọn, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n sì fi ń rìn. Kò sí ẹni tí ó lé wọn dé etí ìlú, kò sì sí ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ wọn lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àti pé nígbà tí Ànábì fúnra rẹ̀ ṣí wá sí Mẹ̀dínà, ilé Abu Ayyub ni ó wọ̀ sí títí wọ́n fi kọ́ mọ́sáláṣí àti iyàrá rẹ̀. N kò tí ì kà á níbì kan pé Abu Ayyub béèrè owó ọdún méjì.

Mo padà sí Mushin, mo pe ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí wa. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni a ní ní iwájú mọ́sáláṣí, sàárà àwọn àgbà wa ni ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Uthman ra kànga Rūma, ó ní kí gbogbo Mùsùlùmí máa mu ún lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ń fi ṣọ́ọ̀bù sàárà gba iye tí ọjà bá gbé, a sì ń fi í ra epo ẹ̀rọ iná. Mo dábàá pé kí a sọ méjì tí ó wà lẹ́yìn di yàrá ládánì, kí ẹni tí ó bá ń pe ìrun máa gbé ibẹ̀ láìsan nǹkan kan. Mo tún dábàá pé kí a ní àpótí kan tí a ó ti máa yá ará jámáà ní owó ilé láìgba èlé, kí ó máa san án padà ní oṣooṣù. Akápò wa béèrè pé ta ni yóò ra epo. Alhaji kan tí ó ní ilé mẹ́ta ní ọ̀rọ̀ àpótí dára, ṣùgbọ́n kí a má fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ àwọn onílé jẹ́. Ìpàdé parí sí àdúrà.

Ní ilé tèmi, mo ti sọ fún gbogbo ayálégbé pé láti inú oṣù Mùhárámù tí ń bọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lè máa san tirẹ̀ ní oṣooṣù. Yàrá tí ládánì fi sílẹ̀ ti ní ẹlòmíràn nínú, ọmọkùnrin kan tí ń ta fóònù, ó san ti ọdún kan pé. N kò mọ̀ bóyá ó mọ ọ̀nà mọ́sáláṣí.

Mo ti ránṣẹ́ sí ládánì pé bí yàrá kan bá ṣófo, 180,000 rẹ̀ àtijọ́ ni yóò máa san. Ó dá mi lóhùn pé òun dúpẹ́. Ó ní wọ́n ti kan pákó mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní òpópónà àwọn ní Mọ́wè, wọ́n ta páànù lé e, àwọn mọ́kànlá ni wọ́n ń kírun níbẹ̀, òun sì ni ó ń pe é ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tí òun kì í lọ sí ọjà. Ó béèrè bóyá a ní ẹní tí kò wúlò mọ́ ní mọ́sáláṣí wa.

A ti kó ẹní mẹ́ta ránṣẹ́. Ọmọ kéwú mi sì ni ó ṣì ń pe àsùbáà ní Mushin, kò gbàgbé gbólóhùn náà mọ́.